Bàbá Káàdì Tí Kì Í Pa Àṣìṣe Rẹ́

Ọ̀sẹ̀ tí bàbá wa àgbà kú, àwọn ọmọ rẹ̀ tẹ pátákó ìkéde, wọ́n gbé e kọ́ síta ilé wa ní Ìlá. Àwòrán náà dára, fìlà orí rẹ̀ gún régé. Lábẹ́ orúkọ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà pé: "Onísùúrù, oníwà pẹ̀lẹ́." Mo dúró níwájú rẹ̀, ẹ̀rín pa mí, omi sì ń bọ́ lójú mi. Èmi tí mo lo gbogbo ọlidé èwe mi lọ́dọ̀ rẹ̀ lè búra pé bàbá yẹn ò ní sùúrù rárá. Bí omi tíì ò bá tètè hó, á ti dìde lọ wo iná lẹ́ẹ̀mẹta. Ká ní ó wà láàyè, kì bá tí fa pátákó náà ya o. Á kàn mú bíírò pupa, á fa ìlà kan ṣoṣo sórí "onísùúrù", á kọ èyí tó tọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á buwọ́ lù ú, á sì kọ ọjọ́ sí i.

Nítorí náà, n kò ní purọ́ mọ́ òkú. N kò ní to ọdún ayé rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, àwọn àgbà ìjọ ti ka ìyẹn lọ́jọ́ ìsìnkú. Ohun tí èmi mọ̀ nípa Jòsáyà Ọládẹ̀jọ, tí tọmọdé tàgbà Ìlá ń pè ní Bàbá Káàdì, ni mo fẹ́ sọ, bó ṣe ń wá sí mi lọ́kàn.

Iṣẹ́ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ tíṣà ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ, àwọn àgbà ìlú pinnu láti kó ohun àtijọ́ jọ sínú yàrá kan, kí ikán àti àwọn tó ń ra ẹrù àtijọ́ lọ sókè òkun má bàa kó wọn tán. Wọ́n ní kí tíṣà tó mọ̀wé kọ máa ṣe àkọsílẹ̀. Yàrá yẹn ló di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú wa: yàrá mẹ́ta, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, àti igi máńgòrò tí àwọn àlejò máa ń jókòó sábẹ́ rẹ̀. Gbogbo ohun tó bá wọlé ló ní káàdì tirẹ̀. Kí ni? Láti ilé wo? Ta ló ṣe é? Ta ló mú un wá? Ẹnu ta ni a ti gbọ́ ọ? Bí Bàbá bá yẹ ọ̀rọ̀ náà wò tó sì dá a lójú, á lu òǹtẹ̀ pupa mọ́ káàdì, ó parí. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tọ́wọ́ bọ̀ ọ́ lásán.

Kì í ṣe pé káàdì olóǹtẹ̀ kò lè yí padà láéláé. Ó lè yí, àmọ́ ó ní ọ̀nà tó ń gbà. Ẹni tó fẹ́ àtúnṣe á kọ ìwé ìbéèrè, á sọ ìdí rẹ̀. Ẹlòmíràn ni yóò gbà á tàbí kọ̀ ọ́, ẹni náà ò sì gbọdọ̀ jẹ́ ọmọ ilé tí ọ̀rọ̀ kàn. Lékè gbogbo rẹ̀, ọ̀rọ̀ àtijọ́ ò gbọdọ̀ parẹ́. Ìlà kan ni wọ́n máa fà sí i lórí, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ọ̀la lè rí ohun tí a ti gbàgbọ́ tẹ́lẹ̀.

Ó gbé ìwà yìí wálé, gbogbo wa jẹ nínú rẹ̀. Lára ògiri ilé ìdáná, ó máa ń fi bíírò sàmì sí gíga àwa ọmọ ọmọ nígbàkigbà tí a bá wá fún ọlidé. Ọdún kan wà tí mo fẹ́ ga ju ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá mi lọ lọ́nàkọnà, ni mo bá nàgà. Bàbá fa ìlà, ó wo ẹsẹ̀ mi. Mo sunkún pé kó pa á rẹ́, kó tún mi wọ̀n. Ó wọ̀n mí lẹ́ẹ̀kejì, àmọ́ kò pa ti àkọ́kọ́ rẹ́, ó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé: "Tọ́pẹ́ nàgà." Ó ṣì wà lára ògiri títí di òní, ọkọ mi ti rí i, ó ti ya fọ́tò rẹ̀.

Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo kọ lẹ́tà sí i láti Ìbàdàn. Mo ti kọ gbólóhùn kan, mo rò ó wò, mo sì fi yíǹkì dà á dúdú mọ́lẹ̀ kí n tó fi ránṣẹ́. Lẹ́tà náà padà wá bá mi, Bàbá ti yí ibi dúdú yẹn po, ó fi oríkì mi pè mí sábẹ́ rẹ̀ pé: "Àbẹ̀kẹ́, ohun tí o pa rẹ́ yìí ni mo fẹ́ kà jù."

Tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìjà, Bàbá ní ọ̀rẹ́ ìjà kan pàtó: Màmá Dọ́káàsì, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, obìnrin gíga tí gíláàsì ojú rẹ̀ kì í kúrò lórí imú. Igbá kan ló dá wọn níjà. Igbá náà wá láti Ire. Bàbá gbóòórùn rẹ̀, ó ní igbá epo ni. Màmá Dọ́káàsì gbóòórùn rẹ̀, ó ní igbá òrí ni, àti pé imú tíṣà ti bàjẹ́. Ó lé lọ́dún mẹ́wàá tí ọ̀rọ̀ yìí fi wà nílẹ̀. Ẹgbẹ́ akọrin kan náà ni wọ́n wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọn a máa kí ara wọn láti ẹnu ẹlòmíràn. "Ẹ bá mi kí Tíṣà o." "Ẹ sọ fún Màmá pé mo gbọ́." Igbá náà ò rí òǹtẹ̀ gbà títí di báyìí. "Ọ̀rọ̀ tí ẹni méjì ò tíì fẹnu kò lé lórí" ni wọ́n kọ sí káàdì rẹ̀.

Síbẹ̀, nígbà tí ìgbìmọ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní kí Bàbá mú ẹni tí yóò máa yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, Màmá Dọ́káàsì ló mú. Ẹnu ya gbogbo wa. Mo bi í pé, "Bàbá, ẹni tí ẹ ò bá sọ̀rọ̀?" Ó ń bó ẹ̀pà lọ ní tirẹ̀. "Ẹni tó fẹ́ràn mi ò lè ṣọ́ mi," ló wí.

Àlejò kan tún wà tí mi ò lè gbàgbé láé. Ọmọ ìlú ni, òkè òkun ló ń gbé, ó wálé fún ọdún pẹ̀lú ọkọ̀ ńlá. Àpótí ìjókòó bàbá rẹ̀ àgbà wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, káàdì rẹ̀ sì sọ pé àpótí ahunṣọ ni. Ọkùnrin náà fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ pé àpótí olóyè ni. Kò sọ̀rọ̀ burúkú o, ó dọ̀bálẹ̀ dáadáa, ó sì ra búrẹ́dì wá. Bàbá gba búrẹ́dì, ó fún un ní fọ́ọ̀mù. Nígbà tí ọkùnrin náà dé ibi tí wọ́n ti béèrè ìdí, ó kọ ọ́ pé, "Nítorí iyì ìdílé." Bàbá kà á, ó rẹ́rìn-ín, ó gé búrẹ́dì fún un, wọ́n jọ jẹ ẹ́. Ó wá sọ fún un pé, "Ọmọ mi, bí kò bá sí ahunṣọ, ìhòòhò ni olóyè ì bá jókòó."

Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, èmi ni mo gbé e dé. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo ń ṣe ní Ìbàdàn, mo sì ti ń bẹ̀rù ohun tí ikán lè fi àwọn káàdì yẹn ṣe. Mo rò pé Bàbá á bá mi jà. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó jókòó tì mí fún oṣù méjì, à ń da káàdì kọ̀ọ̀kan sínú kọ̀ǹpútà, ó ń kà á, èmi ń tẹ̀ ẹ́. Ìbéèrè kan ló ń bi mí lójoojúmọ́: "Tí a bá ti lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn níbí, ta ló lè ṣí i?" Mo ní èmi ni. Kò fẹ́ràn ìdáhùn yẹn. A ṣe é títí ó fi rí bó ṣe fẹ́. Àkọsílẹ̀ tí wọn ò tíì fọwọ́ sí, ẹnikẹ́ni nínú òṣìṣẹ́ lè tún un ṣe. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí á tì pa. Ẹni mẹ́ta péré ló ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ìyẹn páásíwọ́ọ̀dù: Bàbá, Màmá Dọ́káàsì àti Alhájì tó ń ránṣọ nítòsí mọ́ṣáláṣí. Ẹni méjì nínú wọn gbọdọ̀ gbà kó tó ṣí. Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ á sì máa kọ ẹni tó ṣí i, ọjọ́ tó ṣí i, àti ohun tó yí.

Yàtọ̀ sí àwọn mẹ́ta yẹn, wọ́n fún èmi náà ní kọ́kọ́rọ́ kan tó lè dá ṣí i, torí pé èmi ni mo kọ́ ètò inú kọ̀ǹpútà náà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo rí i pé mo ti ṣi lẹ́tà kan tẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ ìkòkò kan láti Ọ̀tan. Lẹ́tà kan péré! Mo ṣí i, mo tún un ṣe, mo tì í padà, mo lọ jẹun. Kí n tó jẹun tán, Bàbá ti dúró sí ẹnu ọ̀nà.

"Ta ló ní kí o ṣí ìkòkò Ọ̀tan?"

"Bàbá, lẹ́tà kan ni mo ṣì tẹ̀. Àṣìṣe tèmi ni."

"Níbo ni ìwé ìbéèrè rẹ wà?"

"Lẹ́tà kan ni, Bàbá!"

"Bí mo bá gbà fún ọ ní lẹ́tà kan, kí ni màá sọ fún ẹni tó bá wá pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan?"

Ìbínú mú mi débi pé mo fi oúnjẹ sílẹ̀. Mo bá màmá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù, mo ní bàbá yín ti sọ mí di olè. Ní alẹ́ yẹn Bàbá gbé iyán wá bá mi, òun fúnra rẹ̀ ló gún un, kókó ló kún inú rẹ̀. Ó bẹ̀ mí kí n jẹun. Lẹ́yìn tí mo jẹ ẹ́ tán, ó ní kí n kó kọ́kọ́rọ́ mi sílẹ̀. "Ọmọ ọmọ mi ni ọ́," ó wí, "ìdí nìyẹn tí mo fi gbà á."

Gbogbo èyí, ìṣeré ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn.

Ilẹ̀kùn gbígbẹ́ kan wà ní yàrá àkọ́kọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ọ̀dọ̀ wa ló ti wá, láti ilé Ọládẹ̀jọ, bàbá Bàbá. Ẹlẹ́ṣin mẹ́rin ló wà lára rẹ̀, àti obìnrin kan tó gbọ́mọ pọ̀n, ojú ọmọ náà ń wò ọ́ níbikíbi tí o bá dúró sí. Òun ni káàdì kìn-ín-ní tí Bàbá kọ láyé rẹ̀. Ẹni tó gbẹ́ ẹ: Ọládẹ̀jọ, ará Ìlá. Òǹtẹ̀ pupa wà lára rẹ̀. Gbogbo ọmọ tí wọ́n bí sí ìdílé wa ni wọ́n máa ń mú lọ wo ilẹ̀kùn yẹn. Bàbá Ṣọlá, àbúrò Bàbá, a máa sunkún bó bá ti ń sọ ìtàn rẹ̀: bí bàbá àwọn ṣe fi ọdún kan gbẹ́ ẹ, bó ṣe jẹ́ pé ọwọ́ òsì ló fi gbẹ́ ojú ọmọ náà.

Ikán ló tú àṣírí. Nígbà tí wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà kúrò lára ògiri láti fi oògùn kùn ún, mo lo àǹfààní yẹn láti ya fọ́tò ẹ̀yìn rẹ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ògiri ti bò láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e wá, alángbá kékeré kan wà tí ìrù rẹ̀ ká kò. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń ṣe níbẹ̀. A gbé fọ́tò náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú àwọn yòókù kí àwọn ọmọ ìlú lè rí i. Kò pé oṣù kan, ìpè wọlé láti Ọ̀rà. Obìnrin kan ló ń sọ̀rọ̀, ó ní òun rí alángbá náà, màmá òun sì fẹ́ rí àwọn tó ni fọ́tò.

Èmi àti Bàbá ló jọ lọ. Ìyá Bọ́lá ni wọ́n ń pe màmá náà. Ó ti dàgbà gan-an, ojú rẹ̀ ti ṣú, etí nìkan ló fi ń gbé ayé. Kò bá wa jiyàn rárá. Ó kàn ní kí wọ́n gbé odó òun wá, kí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Alángbá wà nídìí odó. Ó ní kí wọ́n gbé àpótí òun wá. Alángbá wà lábẹ́ àpótí. Ó ní, "Àmì bàbá mi ni. Àjíbóyè lorúkọ wọn. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀kùn kan fún ará Ìlá kan kí wọ́n tó bí mi, wọ́n sì máa ń sọ pé ojú ọmọ tó wà lára rẹ̀ ló dára jù nínú gbogbo ohun tí àwọn gbẹ́. Wọn ò rí i mọ́ títí wọ́n fi kú." Ó wá na ọwọ́ síbi tí ó rò pé Bàbá wà. "Ẹ̀yin bàbá yìí, mo fẹ́ gbọ́ kí wọ́n pe orúkọ bàbá mi mọ́ ọn. Ẹ jọ̀ọ́, kí etí náà tó lọ."

Nígbà tí à ń bọ̀ nínú tasí, mo ń wo ojú Bàbá. Mo ti mọ̀ ọ́n nígbà tó bá ń bínú, mo mọ̀ ọ́n nígbà tó bá ń yọ̀, àmọ́ n kò mọ ojú tó gbé wọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ilẹ̀kùn yẹn ni bàbá rẹ̀ lójú rẹ̀. Nígbà tí a délé, mo tilẹ̀kùn yàrá, mo rẹ ohùn sílẹ̀.

"Bàbá, ẹ ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi lóòótọ́, àmọ́ èmi ni mo kọ́ nǹkan yìí. Mo mọ bí mo ṣe lè gba ẹ̀yìn wọlé. Ìṣẹ́jú kan ni. Màá fi orúkọ Àjíbóyè síbẹ̀, màá yọ ìbuwọ́lù yín kúrò lára ti àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́. Ìyá Bọ́lá á gbọ́ ọ lọ́la."

Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ mi. Mo rò pé ó fẹ́ gbà.

"Tí mo bá gba ẹ̀yìn ṣe òótọ́, Àbẹ̀kẹ́, yóò jọ irọ́. Lọ bá mi mú fọ́ọ̀mù wá."

Nítorí pé ọ̀rọ̀ ilé òun ni, kò lè lo kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Òfin tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nìyẹn. Ó di dandan kí Màmá Dọ́káàsì àti Alhájì gbà. Alhájì ò ní wàhálà, ó kà á, ó ní, "Ọlọ́run á fún wa ní irú ọkàn yìí," ó buwọ́ lù ú. Ó ku Màmá Dọ́káàsì. Níbi tí wọ́n ti béèrè ìdí, Bàbá ti kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: "Àṣìṣe." Fọ́ọ̀mù padà wá pẹ̀lú bíírò pupa: "Irú àṣìṣe wo? Ẹ ṣàlàyé."

Bàbá fò sókè. Ó sọ̀rọ̀ Ìgbómìnà tó nípọn débi tí n kò gbọ́ ìdajì rẹ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ó tún jókòó, ó kún ojú ewé kan: ikán, fọ́tò, odó, àpótí, alángbá. Fọ́ọ̀mù tún padà wá. "Ẹ ti sọ bí alángbá ṣe dé, Tíṣà. Ẹ ò tíì sọ bí àṣìṣe ṣe dé."

Mo bínú sí obìnrin yẹn. Àyà Bàbá ti ń dùn ún nígbà náà, ó ń lọ gba oògùn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n sì ti pè wá láti Ọ̀rà pé Ìyá Bọ́lá ti dùbúlẹ̀. Mo sọ ọ́ jáde pé igbá òrí ló ń jà fún, kì í ṣe ilẹ̀kùn. Bàbá ní kí n dákẹ́, kò fẹ́ kí n bú obìnrin náà. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò kọ nǹkan kan. Ní ọjọ́ kẹrin, ó kọ ọ́, ó ní kí n máa gbé e lọ. Mo kà á lójú ọ̀nà:

"Nígbà tí mo fẹ́ kọ káàdì yìí, mo dọ̀bálẹ̀, mo bi bàbá mi pé ta ló gbẹ́ ilẹ̀kùn. Wọ́n ní, 'Ilẹ̀kùn wa ni.' Ọmọ kì í bi bàbá léèrè lẹ́ẹ̀mejì nílé wa, mo sì dìde. Bàbá mi ò purọ́. Káfíńtà ni wọ́n, àwọn ni wọ́n gbé e kọ́. Èmi ni mo fi ìyókù kún un, nítorí pé mo fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Mo lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn láì bi ẹlòmíràn."

Màmá Dọ́káàsì kà á lórí ìdúró. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, mo rí i tó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó jókòó, ó buwọ́ lù ú, ó nu ojú. Ó sì ní, "Sọ fún Tíṣà pé..." Ó dúró. "Rárá, èmi fúnra mi ni màá lọ sọ ọ́."

Ó wá lóòótọ́. Wọ́n jókòó sábẹ́ igi máńgòrò títí ilẹ̀ fi ń ṣú. N kò mọ ohun tí wọ́n sọ, àmọ́ mo gbọ́ ẹ̀rín, mo sì gbọ́ tí Bàbá ń pariwo pé igbá epo ni.

Lọ́jọ́ kejì a gbé láptọ́ọ̀pù lọ sí Ọ̀rà. Wọ́n fi ìrọ̀rí ti Ìyá Bọ́lá lẹ́yìn, ó yí etí rẹ̀ tó ṣì ń gbọ́ sí mi. Mo kà á sókè: "Ẹni tó gbẹ́ ẹ: Àjíbóyè, ará Ọ̀rà. Ẹni tó gbé e kọ́: Ọládẹ̀jọ, káfíńtà, ará Ìlá." Ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń sunkún, òun ń rẹ́rìn-ín. Ó wá ọwọ́ Bàbá kàn, ó dì í mú. "Bàbá mi gbẹ́ ẹ, bàbá yín gbé e kọ́," ló wí. "Tí wọn ò bá gbé e kọ́, ta ni ì bá rí i?"

Inú Bàbá dùn ní ìyókù ọjọ́ rẹ̀. Mo ń sọ ọ́ bí mo ṣe rí i. Ó ń kọrin nínú ilé, ó ń jẹ búrẹ́dì tí dókítà ní kó má jẹ. Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn ún: Bàbá Ṣọlá ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ilẹ̀kùn lọ́wọ́ bàbá àwọn. Wọn ò tíì parí ìjà náà tí Bàbá fi sùn ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan tí kò jí mọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, nígbà tí àlejò ti tán nílẹ̀, Bàbá Ṣọlá wá bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó jókòó sórí àga ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ti rù gan-an.

"Tọ́pẹ́, ẹ̀gbọ́n mi ti lọ. Wọ́n ní o mọ bí wọ́n ṣe ń gba ẹ̀yìn wọ inú nǹkan yẹn. Bá mi dá orúkọ bàbá mi padà."

Mo lè ṣe é, n kò sì ní purọ́ pé n kò lè ṣe é. Mo dìde, mo mú fọ́ọ̀mù kan wá fún un pẹ̀lú bíírò. Ó kọ orúkọ rẹ̀, ó kọ nọ́ńbà ilẹ̀kùn. Nígbà tó dé ibi ìdí, ó kọ ọ́ pé, "Ó dùn mí." Ó wo ohun tó kọ. Ọwọ́ rẹ̀ ò tún lọ síwájú.

"Kí ni wọ́n tilẹ̀ kọ síbẹ̀ gan-an?" ó bi mí. "N kò gbà kí wọ́n kà á fún mi rí."

Mo ṣí láptọ́ọ̀pù, mo ka gbogbo rẹ̀ fún un: èyí tó wà lókè, èyí tí ìlà kọjá lórí rẹ̀, àti ìdí tí wọ́n fi yí i. Nígbà tí mo dé ibi tí bàbá wọn ti ní "Ilẹ̀kùn wa ni," ó mi orí. "Bí bàbá mi ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn," ló wí. Ó nawọ́ sí ojú láptọ́ọ̀pù.

"Orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́? Wọ́n yọ ọ́ ni?"

"Wọn ò yọ ọ́, Bàbá. Ẹ̀ẹ̀mejì ló wà níbẹ̀. Ó wà lábẹ́ àṣìṣe, ó sì wà lábẹ́ ìwé tí wọ́n fi béèrè àtúnṣe."

Ó ká fọ́ọ̀mù náà sínú àpò.

"Kà á fún mi," ó wí, "lẹ́ẹ̀mejèèjì."